Ọdún Tí Pẹ́pẹ́yẹ Kọ Gígun Òkè Ngwo

Ní ilé wa ní Amechi, ní ìlú Enugu, ìró méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Èkíní ni ọmọ odó ìyá mi, tó ń gún ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Èkejì ni ọkọ̀ wa, tí bàbá mi máa ń ṣíná rẹ̀ níta kó lè gbóná kí a tó jáde. Ọkọ̀ kékeré ni, ilẹ̀kùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọ̀kan lẹ́yìn. Iwájú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ gbòòrò, tó bá sì ti ń wọ kòtò ojú ọ̀nà wa, á máa mi ìdí náà sọ́tùn-ún sósì. Bí èmi àti Táyọ̀ àbúrò mi ṣe sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn. Bàbá mi kọ́kọ́ bínú sí orúkọ yẹn, ó ní ohun tó ń gbé èèyàn kiri kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun fúnra rẹ̀ fi ń pariwo láti inú ilé pé, "Ta ló fi ilẹ̀kùn Pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ gbayawu?"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe ní Artisan Market: ó ń bó awọ gbígbó lára àga, ó ń fi fóòmù àti awọ tuntun wọ̀ ọ́. Òórùn gọ́ọ̀mù kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, mo sì fẹ́ràn òórùn náà débi pé mo máa ń fi imú nu èjìká rẹ̀ tó bá gbé mi. Yorùbá ló fẹ́ ká máa sọ nílé. Tó bá bi wá ní nǹkan, tí a fi Pijin dá a lóhùn, á dijú bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, á ní, "Mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ." Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ Ìgbò láti Ngwo, tó jẹ́ pé ẹnu ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, ló ń sọ ọ́ dáadáa jù wá lọ. Olùkọ́ ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí wa, á ní òun àlejò ti mọ inú ilé ju onílé lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín bàbá mi àti ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Nne. Nígbà tí bàbá mi lọ tọrọ ìyá mi lọ́wọ́ wọn lórí òkè Ngwo, Nne ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí yóò gbé e lọ síbi tí ojú òun ò tó. Bàbá mi dáhùn pé Enugu lòun wà, Enugu lòun yóò máa gbé, àti pé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi yóò jẹ oúnjẹ ọ̀sán nínú ilé ìyá rẹ̀. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni gbé ẹyin dání ló ṣe mú ìlérí náà. Òjò ì báà rọ̀, kí ibà máa ṣe é, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, a ó kó kúlà oúnjẹ sẹ́yìn ọkọ̀, a ó gba àárín ìlú kọjá, a ó sì kọjú sí òkè.

Ọ̀nà àtijọ́ tó gun Òkè Milken lọ sí Ngwo ń lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Àpáta wà lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun lọ́wọ́ kejì, igi sì ṣíji bo gbogbo rẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú Pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá mi kọ́kọ́ ń pa ẹ̀rọ amúlétutù tí a bá ti dé ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tó yá, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń dúró ní kọ́nà kan tó dagun jù, á yíjú sí èmi àti Táyọ̀, á ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ na ẹsẹ̀ yín díẹ̀," bí ẹni pé nítorí ẹsẹ̀ wa ló ṣe dúró. À ń fi ẹsẹ̀ gòkè, ọkọ̀ á máa fà níwájú wa bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Àwọn obìnrin tó ń ta okpa, oúnjẹ tó jọ mọ́ínmọ́ín, lẹ́bàá ọ̀nà ti mọ̀ wá. Wọ́n á na okpa gbígbóná sí wa, wọ́n á ní ká fi fún ọkọ̀ wa jẹ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, Pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ pátápátá. A ti dé àárín òkè, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ́ńjìnnì kàn gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mo rí i tí igi ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwájú, kí n tó mọ̀ pé àwa là ń yí padà sẹ́yìn. Bàbá mi tẹ bíréèkì, ó fa ti ọwọ́, ọkọ̀ ṣì ń yọ̀. Ìyá mi ti ṣílẹ̀kùn, ó ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé òkúta kan láti ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì tì í sábẹ́ táyà ẹ̀yìn. A dúró. Awakọ̀ akẹ́rù náà fọn fèrè títí, ó wá bọ́ sílẹ̀, ó bá wa ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, bàbá mi yí orí ọkọ̀ padà sí ìsàlẹ̀. Ìyá mi wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, síhà ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè wá, ó sì fi ọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló rí bọ́ọ̀sì tó ṣófo, nígbà mìíràn iṣẹ́ iléèwé kì í jẹ́ kó lè lọ. Nne kò bínú tariwo-tariwo. Ó kàn rán ìyá mi sí bàbá mi lọ́jọ́ kan, ìyá mi sì jẹ́ iṣẹ́ náà níbi tí a ti ń jẹ ẹ̀bà, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti Ìgbò sí Yorùbá bí ẹni tó ń tú eegun lára ẹja. Ó ní, "Màmá ní lóòótọ́ ni pé o ò kúrò ní Enugu. Ṣùgbọ́n ó ní o ti gbé ọmọ òun lọ." Bàbá mi gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ó ṣan ọwọ́, ó jáde, mo sì gbọ́ tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ níta.

Bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa, láàárín bàbá mi àti Ọ́ńkù Ogbonna. Àbúrò ìyá mi ni Ọ́ńkù Ogbonna, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà, Èkó ló sì ti kọ́ òwò náà, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi dán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ kí a yọ ẹ́ńjìnnì kékeré inú Pẹ́pẹ́yẹ, kí a sì gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ọkọ̀ kéré, òkè tóbi. Ẹni tí ẹrù bá wúwo fún, ẹni tó lágbára jù ú lọ là ń pè kó wá gbé e. Kí ló tún kù?"

Ọ́ńkù Ogbonna ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì, jíà ńkọ́? Wáyà ńkọ́? Ìjókòó ẹ́ńjìnnì tuntun ò ní bá ti àtijọ́ mu, ẹ ó máa gé irin, ẹ ó máa jó o. Ẹ jẹ́ ká fi tọ́bò sí èyí tó wà níbẹ̀. Agbára wà nínú rẹ̀, èémí ni kò tó."

Mo jókòó lórí gbòǹgbò igi, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo béèrè pé, "Ọ́ńkù, kí ni tọ́bò?"

Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan béèrè. Ó mú igi, ó ya àwòrán sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo àti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tó bá rí fà símú ló ń sọ ìwọ̀n epo tó lè jẹ. Tọ́bò ń mú èéfín tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, á fi í yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ tipátipá wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹnu yà mí. Èéfín tí à ń dà nù ló tún máa padà wá ṣiṣẹ́? Bàbá mi, tí ìyá rẹ̀ wá láti ilé alágbẹ̀dẹ, wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹwìrì ni," ó ní. "Ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná ní ilé àgbẹ̀dẹ lò ń júwe yìí. Iná kékeré náà ni, wọ́n á fẹ́ ẹ títí irin á fi pọ́n."

"Ẹ ti gbà fún mi nìyẹn," ni Ọ́ńkù Ogbonna wí.

"Mi ò gbà fún ẹ. Mo ní mo mọ ohun tó ń jẹ́."

Orí mi kún fún ẹwìrì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, tí ìyá mi gbé ẹ̀wà kaná lórí àdògán onírin tí a fi ń dáná eléèédú, mo rí i pé abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ kò yá tó. Mo lọ mú páńpù kẹ̀kẹ́ Táyọ̀, mo ki ẹnu rẹ̀ sábẹ́ èédú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Èédú pọ́n bí ojú òòrùn. Ẹ̀wà hó kíákíá, omi rẹ̀ ń ru sókè, mo ń pariwo sí Táyọ̀ pé kó wá wò ó. Ibẹ̀ la wà tí ìsàlẹ̀ àdògán, tí ìpẹtà ti jẹ, fi já wálẹ̀. Ìkòkò dojú dé, ẹ̀wà bo ilẹ̀. Ìyá mi fi èdè mẹ́ta bú mi. Nígbà tí bàbá mi dé, tó gbọ́ ọ̀rọ̀, kò bú mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ó béèrè pé, "Kí lo rí níbẹ̀?" Mo ronú, mo ní, "Afẹ́fẹ́ náà dára, Dádì. Àdògán ló ti gbó."

Ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Ọ́ńkù Ogbonna bí ẹni tó rí ẹlẹ́rìí. Ó ní ẹ́ńjìnnì Pẹ́pẹ́yẹ ti gbó, bí wọ́n bá ti afẹ́fẹ́ tipátipá sí i, yóò já bí ìdí àdògán. Ọ́ńkù Ogbonna rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá kó èédú tó pọ̀ ní ìlọ́po méjì sínú àdògán yẹn láìfẹ́ ẹ rárá, ṣé kò ní já? Ara ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí ńkọ́? Orí rẹ̀ á wúwo, á dorí kodò. Ẹ ó gòkè. Bíréèkì kékeré yìí ló máa dá a dúró tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀?" Bàbá mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ọ̀ọ́kán, síbi tí òkè Ngwo ti ń dúdú lọ lẹ́yìn ilé.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ní ọkọ̀ tèmi. Àbúrò ọkọ mi máa ń fi fóònù rẹ̀ wo àwọn èèyàn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, wọ́n á máa bú ara wọn láti ìlú kan sí èkejì, tí mo bá sì gbọ́ wọn, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń padà sí. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ́ńjìnnì ńlá máa ń fà láti ìsàlẹ̀, kò ní kí o dúró de òun. Tọ́bò máa ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀ kí èéfín tó lágbára láti yí abẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ tó kún fún èèyàn sì lè má rí àyè sáré ní kọ́nà òkè. Ṣùgbọ́n tọ́bò kò wúwo, kò sì gba kí a tú gbogbo ọkọ̀ palẹ̀. Ohun tí mo wá ń rò ni pé kò sẹ́ni nínú wọn tó ń jà nítorí ọkọ̀ nìkan. Bàbá mi ń wá bí yóò ṣe mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ. Ọ́ńkù Ogbonna sì ń wá bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe dẹ́kun wíwo ojú ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbẹ̀yìn, bàbá mi ló borí, tàbí ó dà bí ẹni pé ó borí. Ó ti lọ wo ẹ́ńjìnnì kan tó wù ú, ó sì gbé Pẹ́pẹ́yẹ lọ bá Alájì Ràímì, mẹkáníìkì ará Ọ̀fà tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Enugu láti ìgbà tí bàbá mi ti dé ìlú náà. Iléèwé ti wà ní ìsinmi, mo sì tẹ̀ lé e. Ọ́ńkù Ogbonna náà wá, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí wọ́n ṣe máa ba ọkọ̀ náà jẹ́. Alájì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì láìdá sí i. Ó wá ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn èyí tó wà níbẹ̀ ná." Ó ṣíná, ó tẹ́tí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Èmi ní tèmi, ẹ̀yìn ni mo lọ. Láti ọjọ́ tí Ọ́ńkù ti sọ fún mi pé èéfín lágbára tó láti yí abẹ̀bẹ̀, mo ti ń fẹ́ mọ bí agbára náà ṣe rí. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu páìpù èéfín Pẹ́pẹ́yẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde rọra bí èémí ọmọ tó sùn. Mo sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀ Ọ́ńkù Ogbonna, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo na ọwọ́ síbẹ̀. Ìyẹn gbá mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi gbogbo ẹnu fẹ́ ẹ. Mo padà, mo tún na ọwọ́, kó má baà jẹ́ pé mo ṣe àṣìṣe.

Mo ní, "Alájì, kí ló dé tí ti Pẹ́pẹ́yẹ ò fẹ́ dáadáa? Níbo ni èéfín tó kù ń lọ?"

Alájì yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó wò mí, ó ní kí bàbá mi tẹ iná díẹ̀ sí i, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ sí páìpù. Títí di òní, ó máa ń sọ pé òun ti ń bọ̀ wá síbẹ̀ kí n tó béèrè, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ó dúró kí irin tutù, ó tú páìpù náà. Àpótí irin kan wà láàárín rẹ̀ tí inú rẹ̀ yẹ kó rí bí afárá oyin, kí èéfín lè gba ihò rẹ̀ kọjá. Alájì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, a sì ń yọjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò kankan kò sí mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra, ó ti dì bí oyin tí iná jó. Alájì ní púlọ́ọ̀gì kan tó ti kú ló ń jẹ́ kí epo tí kò jó máa dé ibẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá ń jó.

Alájì ní, "Ọkọ̀ tí kò rí àyè mí jáde, ẹ̀yin ń jà lórí bí ẹ ó ṣe fún un ní èémí kún un."

Bàbá mi jókòó sórí táyà kan. Ó wo Ọ́ńkù Ogbonna, Ọ́ńkù Ogbonna wo ilẹ̀. Ọ́ńkù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bàbá mi sì bá a rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Síbẹ̀, kí a tó kúrò níbẹ̀, mo gbọ́ tí Ọ́ńkù ń sọ fún Alájì pé tọ́bò ṣì dára, bàbá mi sì ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tí òun lọ wò yẹn ṣì wà lọ́kàn òun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí ẹ́ńjìnnì kékeré náà kú tán, ó gbé èyí tó tóbi sí i lóòótọ́. Ọ́ńkù Ogbonna ló bá a wá bíréèkì tó lágbára sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Alájì pààrọ̀ àpótí náà àti púlọ́ọ̀gì, gbogbo wa wọ ọkọ̀. Ìyá mi gbé òkúta kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ́. Ọ́ńkù Ogbonna ń bọ̀ lẹ́yìn wa nínú ọkọ̀ tirẹ̀. A dé kọ́nà tí bàbá mi ti máa ń sọ pé ká na ẹsẹ̀ wa. Ọwọ́ rẹ̀ le lórí sítíárìn. Ó yí jíà sílẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ bú, ó sì ń lọ. Táyọ̀ fẹ́ pariwo, ìyá mi fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, bí ẹni pé ariwo lè jí òkè náà. Kò yára o. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tilẹ̀ fẹ́ kọjá wa. Ṣùgbọ́n kò dúró, a sì dé orí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tí gbogbo ìlú Enugu sì tẹ́ lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀ wa pẹ̀lú òrùlé onípáànù rẹ̀.

Nne jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò dáná. Ó ní òun ò dáná fún ẹni tí kò ní wá. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Nne wò ó nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fọwọ́ kàn án léjìká pé kó dìde. A ṣí kúlà, a jẹun. Nígbà tí a jẹun tán, tí bàbá mi ń múra àtilọ, Nne wọlé, ó jáde pẹ̀lú àpò kékeré kan, ó sì lọ tààrà síbi ọkọ̀, ó ṣí iwájú, ó jókòó. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti relé ọkọ, Nne kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wa rí. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí ọmọ òun ń sùn."

Bàbá mi fi jíà àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, Nne á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Nwayọ, nwayọ," bí ẹni ń tu ọmọ nínú, bàbá mi á sì túbọ̀ rọra. Nígbà tí a dé Amechi, kò jókòó. Ó wọ yàrá kan, ó jáde, ó wọ òmíràn. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ọwọ́ tẹ àga tí bàbá mi fi awọ wọ̀, ó wo bí àwọn aṣọ ṣe wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dé ìdí ibùsùn, ó béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ìyá mi ń sùn sí. Ìyá mi tọ́ka sí i. Nne bọ́ gèlè rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ibùsùn. Ọ́ńkù Ogbonna, tó tẹ̀ lé wa wálé, fẹ́ ṣíná ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ, bàbá mi sáré jáde, ó fi ọwọ́ sọ fún un pé kó má ṣe é. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé padà, ó sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn nínú ilé ara rẹ̀.